Ta Ló Sanwó Ìpolówó Yẹn? Fún Ẹ̀yin Àbúrò Tí Ẹ Ń Ka Ìwé Ìròyìn Èkó Àtijọ́

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ yìí, ìpolówó oògùn ló máa ń kọ́kọ́ ṣi èèyàn lọ́nà nínú ìwé ìròyìn ayé ìjọba òyìnbó. Ẹ ó rí Holloway's Pills, ẹ ó rí Beecham's Pills, ẹ ó rí Dr. Williams' Pink Pills ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ọwọ́ á sì ti máa yún yín láti kọ ọ́ pé àwọn ará Èkó fẹ́ràn oògùn wọ̀nyí púpọ̀. Ìpolówó kò sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tó sọ ni pé ẹnì kan ra àyè nínú ìwé ìròyìn. Ẹni tó ra àyè náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Oríṣi méjì ni wọ́n. Èkíní ni èyí tí ẹni tó ṣe oògùn sanwó rẹ̀ láti òkè òkun. Wọ́n á fi àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti dà sórí irin ránṣẹ́, iṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé Èkó kò sì ní ju kó gbé e sáyè lọ. Ẹ wo lẹ́tà rẹ̀: kì í bá ti ìyókù ojú ewé mu. Ẹ wo ẹni tó ń jẹ́rìí sí oògùn náà: ìlú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti ń kọ̀wé. Ẹ wá wo iye owó rẹ̀. Bí ẹ bá rí ṣílè kan pẹ̀lú pẹ́nì kan àtààbọ̀, èyí tí wọ́n ń kọ ní 1/1½, ẹ dúró níbẹ̀. Láti 1783 títí di 1941, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba owó orí lórí oògùn báwọ̀nyí, wọ́n á sì lẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ mọ́ páálí tàbí ìgò. Lórí oògùn tí owó rẹ̀ kò ju ṣílè kan lọ, pẹ́nì kan àtààbọ̀ ni fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú àkókò náà. Nítorí náà, iye tí wọ́n ń tà á lórí káńtà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni 1/1½. Kì í ṣe ẹ̀rí iye tí ẹnikẹ́ni san ní Ẹ̀rẹ̀kó tàbí Marina, àṣìṣe tí ó sì wọ́pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn.

Oríṣi kejì ni ti ṣọ́ọ̀bù ìlú. Orúkọ oníṣọ́ọ̀bù á wà níbẹ̀, àdúgbò rẹ̀ á wà níbẹ̀, orúkọ ọkọ̀ ojú omi tó kó ọjà náà dé sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Oògùn lè wà láàárín aṣọ, fìtílà àti agboòrùn nínú àkójọ kan ṣoṣo. Èyí ni ojúlówó ẹ̀rí pé ọjà náà wọ Èkó. Ọdún 1887 ni R. Zaccheus Bailey ṣí ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Balógun, ọdún náà gan-an ni òfin tó kan oògùn títà kọ́kọ́ jáde ní Èkó. Ìpolówó tó ṣáájú àkókò yìí àti èyí tó tẹ̀lé e, ẹ má dà wọ́n pọ̀ mọ́ra. Ẹ má sì gbàgbé pé ẹni tó ni ìwé ìròyìn lè jẹ́ oníṣòwò fúnra rẹ̀. Richard Beale Blaize tó dá *Lagos Times* sílẹ̀ ní 1880, oníṣòwò ni.

Ní ti kíkà wọn: ìpolówó kan lè wà lójú kan náà fún oṣù mẹ́fà láìyí ẹyọ lẹ́tà kan padà, torí pé ilé ìtẹ̀wé kì í tú lẹ́tà tó ti tò sílẹ̀ bí oníbàárà bá ṣì ń sanwó. Bí ẹ bá ka á ní ìgbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹyọ kan ni ẹ kà. Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ mú ìtẹ̀jáde kan lóṣù kan fún ọdún kan gbáko, kí ẹ wá padà lọ wo ọ̀sẹ̀ tí ìyípadà ti dé gẹ́lẹ́. Ẹ kọ ọjọ́, ojú ewé, òpó ọ̀rọ̀ (column), iye owó, orúkọ aṣojú tó ń tà á, àti déètì kékeré tó lè wà nísàlẹ̀ ìpolówó. Déètì yẹn máa ń sọ ìgbà tó kọ́kọ́ jáde.

Ẹ má fi rúlà wọn íǹṣì lórí máíkrófíìmù, ìyẹn fíìmù kékeré tí wọ́n ya ìwé ìròyìn sí. Ẹ̀rọ ń sọ ojú ewé di ńlá tàbí kékeré bó ṣe wù ú. Ẹ fi gíga ìpolówó wé gíga òpó ọ̀rọ̀ náà: ìdá kan nínú mẹ́rin òpó, ìdajì òpó. Ìyẹn kò ní tàn yín. Bó bá jẹ́ ìwé tí wọ́n dì pọ̀ ni ẹ ń kà, ẹ ka iye ojú ewé rẹ̀ ná. Ewé ìta tí ìpolówó kún ni adìwé sábà máa ń yọ sọnù.

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà ìpolówó kà dáadáa, pàápàá lẹ́tà ńlá ológe. Ti Yorùbá tún wá burú jù. Nínú *Èkó Àkéte* (1922), *Elétí Ọfẹ* (1923) àti *Akéde Èkó* (1928), àkọtọ́ àtijọ́ ni wọ́n lò: aiye, enia, nwọn, obirin. Bí kò bá sí àmì ohùn, ogun tí wọ́n jà, ogún tí wọ́n pín àti Ògún tí wọ́n bọ kò yàtọ̀ síra, oògùn náà sì lè bọ́ sí àárín wọn. Orúkọ àìsàn ni kí ẹ fi kọ̀ǹpútà wá, bí ibà, ikọ́, làkúrègbé, tàbí kí ẹ wá orúkọ òpópónà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ojú ara yín ka á.

Ní ti ohun tó wà nínú oògùn, ẹ má dá gbogbo wọn lẹ́jọ́ kan náà. Ní 1909 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ àbájáde àyẹ̀wò wọn jáde. Alóè, atalẹ̀ àti ọṣẹ ni wọ́n bá nínú Beecham's Pills, ohun tó ń ya inú sì ni. Èròjà irin wà nínú Pink Pills, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré lè rí ànfààní díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe fún gbogbo àìsàn tí wọ́n kà sílẹ̀. Chlorodyne ni kí ẹ kíyè sí jù: oje ọ̀pọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀, ọmọdé lè kú nípasẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ "patent", ìyẹn ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan, pàápàá kì í ṣe òótọ́ lórí ọ̀pọ̀ wọn, torí ẹni tó bá gba ẹ̀tọ́ yẹn gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fi ṣe oògùn rẹ̀. Orúkọ lórí páálí ni wọ́n fi òfin dáàbò bò.

Bí ìpolówó bá wá dàwátì ńkọ́? Ìyẹn náà lọ́rọ̀ nínú. Nígbà tí *Lagos Weekly Record* ti John Payne Jackson ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba, ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó fawọ́ ìpolówó wọn sẹ́yìn. Òǹkàwé tí kò mọ èyí lè rò pé ọjà ti kùtà. Ẹ ṣí ìwé ìròyìn mìíràn ti ọ̀sẹ̀ kan náà, bíi *Lagos Standard*. Bí ìpolówó náà bá ṣì wà níbẹ̀, ìjà wà láàárín oníwèé ìròyìn àti ẹni tó ń sanwó. Bó bá kúrò níbi gbogbo, ẹ wo ọkọ̀ ojú omi àti ogun: lẹ́yìn oṣù kẹjọ 1914 tí ogun bẹ́ láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì, ẹ kò ní rí ilé iṣẹ́ Jámánì bíi Gaiser mọ́, kì í ṣe pé oníbàárà wọn kò fẹ́ ọjà wọn mọ́.