Orín ata, ó ń ṣe bẹbẹ

Eyín ò jẹ́ kí n sùn mọ́jú, bí mo ṣe dé ọjà Bódè n'Íbàdàn láàárọ̀ yìí ni mo yà s'ọ́dọ̀ màmá elewé ọmọ. Wọ́n wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fa orín ata kan yọ, "Gbòǹgbò ẹ̀ nìyí o, rún un, tu itọ́ ẹ̀ dànù, má gbé e mì." Haa! Ó kọ́kọ́ ta mí gan-an, kó tó di pé ahọ́n kú, ètè náà kú, itọ́ ń dà, mo wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mu ẹmu yó 😂 àmọ́ ìrora yẹn rọlẹ̀ o.

Gbòǹgbò yìí kan náà l'àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n n'Ifẹ̀ ṣèwádìí lé lórí láyé 1970 sókè fún sickle cell, àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń bí mọ́ èèyàn, kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ. Mo ní kí n rà s'í i fún àbúrò mi tó lóyún, màmá kọ̀ jálẹ̀: "Aboyún kẹ̀? Mi ò tà á." Mo gba tiwọn, torí àwọn tó ń polówó àgbo nínú mọ́tò kì í bi èèyàn ní nǹkankan. Wọ́n tún ní orín ò lè dí ihò eyín, kí n lọ rí dókítà eyín. Mọ́ńdè ni mo ń lọ, ẹ bá mi wá owó jàre 😩