Méjì Péré

Ọjọ́rú. Òjò ò jẹ́ ká tètè jáde. Èmi àti màmá lọ wo ilé kan ní Ìpájà, a ra ẹ̀wà lọ́nà, a délé kí iná tó lọ.

"Méjì péré ni wọ́n o, spacious ni wọ́n ń wá."

Agẹ́ńtì ló ń sọ ọ́ fún ẹnì kejì rẹ̀ lórí fóònù. Mo wà ní balùwẹ̀, mò ń yí ẹ̀rọ wò bóyá omi ń wá, kò mọ̀ pé etí mi wà níbẹ̀. Kò bú wa o. Ohùn rẹ̀ tutù, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ iye tí wọ́n ń ta gaàrí. Ṣùgbọ́n àtọ̀sán ni gbólóhùn yẹn ti ń dún létí mi, mi ò tíì rí ibi gbé e sí.

Ìdí tá a fi jẹ́ méjì, èmi àti màmá, mo ti sọ ọ́ lọ́dún tó kọjá. Mi ò ní tún un sọ lálẹ́ yìí.

Spacious. Agbára káká la fi máa rí ilé tí wọ́n fẹ́ gbé fún ayálégbé l'Ékòó tí wọn ò ní kọ ọ́ sí i lára. Spacious mini flat, spacious self-con. Mo ti rí i lára yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ò lè ṣí tán tí wọ́n bá gbé bẹ́ẹ̀dì sí i. Ó ń dùn mí, torí ọ̀rọ̀ tó dáa ni. Òyìnbó ń lò ó fún ilé, fún yàrá, fún inú mọ́tò, fún kọ́ńpáǹdì. Bàtà tó gba ẹsẹ̀ dáadáa, wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀, roomy ni wọ́n máa ń sọ níbẹ̀. Ibi tí èèyàn á wọ̀, tá á gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, tí àyè á tún ṣẹ́kù tó lè fi rìn, ni wọ́n ń pè ní spacious. Èèyàn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ó dáa, bó bá jẹ́ èèyàn ni, àwa méjì yìí ńkọ́? Ṣé a ò tó èèyàn ni?

Mo ka táìlì yàrá yẹn. Àwọn táìlì sẹ̀ǹtímítà 40 sí 40 ni, méje ní ìbú, mẹ́jọ ní gígùn. Ìbú rẹ̀ ò tó mítà mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀dì màmá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 6 á gba nǹkan bíi mítà 1.83 níbẹ̀, wọ́dúróòbù á gba tiẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ̀gbẹ́ la ó máa fi kọjá. Màmá dúró láàárín yàrá, ó na ọ̀pá rẹ̀, ó kan ògiri. Ó yíjú, ó tún nà án, ó kan ti òdìkejì. Kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lójú kan. Kò sọ nǹkan kan.

Owó ọdún méjì ni wọ́n sì ń béèrè, bẹ́ẹ̀ òfin ilé gbígbé tí Èkó ṣe ní 2011 ní wọn ò gbọdọ̀ gbà ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìyá tó wà nísàlẹ̀ gbọ́, wọ́n ní, "Àyè kì í há adìẹ kó má dé ìdí àba rẹ̀." Ìtùnú ni wọ́n fi ṣe, mo dúpẹ́. Mi ò kàn fẹ́ kí màmá máa fún ara wọn mọ́ ibi tó yẹ kí wọ́n ti sinmi.

Lẹ́yìn náà ni mo wá rántí agbo ilé n'Ìbàdàn. Yàrá ibẹ̀ kéré, ó ṣókùnkùn, ọ̀míì ò ní fèrèsé. Ẹrù àti oorun ni yàrá wà fún. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ti ń jẹun, ibẹ̀ la ti ń dirun, ibẹ̀ ni àlejò ń jókòó sí, ilẹ̀ àárín agbo ilé sì wà fún gbogbo ọmọ. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ níbẹ̀ rí pé àyè ò sí. Nísinsìnyí, ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹni nìkan ni wọ́n ń kà.

Ṣùgbọ́n ṣé mo fẹ́ padà síbẹ̀? Rárá. Gbogbo ayé ló ń rí ohun tó wà nínú abọ́ ẹni. Mo fẹ́ ilẹ̀kùn tèmi. Mo sì tún fẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀... Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ rí méjèèjì.

Nígbà àdúrà alẹ́, màmá tún pe Réhóbótì. Àwọn ìránṣẹ́ Ísáákì gbẹ́ kànga ní Gérárì, àwọn darandaran ibẹ̀ bá wọn jà sí ti àkọ́kọ́, wọ́n bá wọn jà sí ìkejì, wọn ò jà sí ìkẹta, Ísáákì ní Olúwa ti fún àwọn láyè. Mo ṣe àmín, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti lọ sọ́dọ̀ kànga yẹn. Báwo ni ẹnu kànga ṣe lè fẹ̀ tó?

Inú ń bí mi báyìí, kí n sọ òótọ́. Méjì ló ń sùn níbẹ̀. Àwọn tó ń wọlé ńkọ́? Àbúrò mi àtàwọn ọmọ rẹ̀ láti Abẹ́òkúta, àwọn ìyá ẹgbẹ́ tó ń wá bá màmá gbàdúrà, ẹni tí òjò bá ká mọ́ ojú ọ̀nà. Ó tún ku àga kan tí mi ò lè fi sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ríbi jókòó sí ní pálọ̀, mi ò ní gbé e sábẹ́ àtẹ̀gùn fún ẹnikẹ́ni.

Agẹ́ńtì ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án. Ó ní tọkọtaya kan ti fẹ́ san owó ilé yẹn, kí n tètè dáhùn. Mo ní kó gbà á lọ́wọ́ wọn.