Ẹni tí wọ́n bá ti ń yin ẹsẹ̀ ẹ̀, wọn kì í rántí ọpọlọ ẹ̀ mọ́

Àbúrò mi tó ń gbé ní Tanke ló kó bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ràn mí, èyí tí wọ́n máa ń dé akoto gbá, tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù. Ìdíje ẹ̀ gan-an ò fi bẹ́ẹ̀ gbà mí lọ́kàn tó dráfítì. Oṣù kẹrin ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, kìlọ́ọ̀bù 32 á máa ṣa àwọn ọmọ yunifásítì níkọ̀ọ̀kan, èyí tó burú jù ní sáà tó kọjá ló máa kọ́kọ́ mú. Àmọ́ kó tó dọjọ́ náà, ẹnu àwọn sikáòtù, ìyẹn àwọn tó ń lọ wo ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá kí wọ́n tó kọ rípọ́ọ̀tù lórí ẹ̀, àti àwọn oníròyìn ò ní sinmi, ibẹ̀ ni wàhálà wà: ọmọ dúdú, ara ẹ̀ ni wọ́n á máa yìn, òyìnbó, ọpọlọ ẹ̀.

Ẹ wo 2018. Kọ́tábáàkì ni Lamar Jackson, ọmọ dúdú, ìyẹn ẹni tó ń pín bọ́ọ̀lù, tó gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí àwọn tó kọjú sí i fẹ́ ṣe kí wọ́n tó ṣe é. Ó ti gba Heisman ní 2016, kò sí àmì-ẹ̀yẹ tó jù ú lọ fún ọmọ yunifásítì nídìí eré yẹn. Bill Polian tó ti ṣe ọ̀gá kìlọ́ọ̀bù rí wá bọ́ sórí ESPN, iléeṣẹ́ ìròyìn eré ìdárayá, ó ní kọ́mọ náà lọ máa ṣe risífà, kó máa sáré lọ gba bọ́ọ̀lù tẹ́lòmíì bá jù, pé kò ga tó, ara ẹ̀ ò tóbi, bọ́ọ̀lù ẹ̀ ò sì ń lọ síbi tó yẹ kó lọ. Ó dáa. Josh Allen náà wà níbẹ̀ lọ́dún yẹn, òyìnbó gíga, ọwọ́ ẹ̀ le gan-an, nínú 100 bọ́ọ̀lù tó bá jù ní yunifásítì Wyoming ní sáà tó lò kẹ́yìn, bíi 56 ló ń dé ọwọ́ ẹni tó jù ú sí, ti Lamar ní Louisville sì ń lọ sí 59. Ta ló ní kí Allen lọ ṣe risífà? Wọ́n ní wọ́n á kọ́ ọ, ó máa mọ̀ ọ́n. Buffalo mú un ní ipò 7, Lamar jókòó síbẹ̀ títí ó fi kan 32 kí Baltimore tó mú un.

Mi ò ní Allen ò mọ̀ ọ́n gbá o, wàláhì ó mọ̀ ọ́n, òun náà padà gba MVP, àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù ní sáà kan. Àmọ́ wọ́n ṣe sùúrù fún un, wọ́n sì ní kí èkejì lọ wá ipò míì. Lamar kọ̀, kò tiẹ̀ sá eré tí wọ́n fi ń wọn ẹsẹ̀ wọn, èmi ò sì bá a wí, torí ìgbà tí wọ́n bá ti rí bó ṣe ń sáré, ta ló tún máa wo ọwọ́ ẹ̀? Ní 2019 gbogbo àwọn 50 tó ń dìbò MVP ló dìbò fún un. Polian ní òun ṣì í wò, ó kú iṣẹ́.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣá. Warren Moon, kọ́tábáàkì dúdú, gba Rose Bowl, ìdíje ńlá àwọn yunifásítì, ní 1978, kò sí kìlọ́ọ̀bù kankan tó mú un ní dráfítì ọdún yẹn, ó gba Kánádà lọ, ó gba ife márùn-ún léraléra ní Edmonton kí wọ́n tó rántí ẹ̀ nílé. Ní 2011, wọ́n kọ ọ́ sínú rípọ́ọ̀tù Cam Newton, kọ́tábáàkì dúdú míì, pé ẹ̀rín ẹ̀tàn ló ń rín. Ẹ̀rín o! Eyín ọmọ ọlọ́mọ náà wọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Èmi àti àbúrò mi ti sọ ọ́ di eré báyìí, á ka rípọ́ọ̀tù sókè, èmi á sọ àwọ̀ ọmọ náà láì rí fọ́tò. "Ó máa ń dé kí ilẹ̀ tó mọ́, olórí ni": òyìnbó. "Ẹran ara ẹ̀ kì í ṣe kékeré": tiwa. Mo máa ń mọ̀ ọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ń kan àwọn òyìnbó gan-an náà: Cooper DeJean, kọ́nábáàkì ni, ìyẹn ẹni tó ń ṣọ́ risífà, àwọn kan ń bèèrè ní 2024 bóyá kì í ṣe pé kó sún sẹ́yìn lọ ṣe séfútì, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pátápátá, torí àwọn dúdú ni ojú ti mọ́ ní ipò kọ́nábáàkì. Òun ló gba bọ́ọ̀lù mọ́ Mahomes, kọ́tábáàkì Kansas City, lọ́wọ́ ní Super Bowl 2025, ìyẹn àṣekágbá, tó sì gbé e wọlé.

Ẹ má jẹ́ ká máa ṣe bí ẹni pé ti Amẹ́ríkà nìkan ni o. Ní pápá àdúgbò wa níbí, ọmọ tó bá ti ga tó sì ki, "ìwọ, lọ sẹ́yìn," kóòṣì ò tíì rí i kó gba bọ́ọ̀lù kan. Rashidi Yekini tí wọ́n sin sí Ìrá, lọ́nà Ọ̀fà níbẹ̀ yẹn, góòlù 37 ló gbá fún Nàìjíríà, orúkọ tí wọ́n fún un ni Màlúù Kàdúná. Agbára, agbára, agbára, ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ nìyẹn tí wọ́n bá dárúkọ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ẹ padà lọ wo èyí tó gbá wọlé Bùlùgéríà ní Ife Àgbáyé 1994, ẹ fi ibi tó ti di nẹ́ẹ̀tì mú sílẹ̀, ẹ wo ibi tó ti lọ dúró sí kí bọ́ọ̀lù tó débẹ̀.