Ọdún 2024: Ọlọ́run Bọ́ Wa, Ọwọ́ Èèyàn Ló Fi Bọ́ Wa

Ẹ kú ìparí ọdún o, ẹ kú ewu ọdún. Ó ti di àṣà mi pé bí ọdún bá ku díẹ̀ kó parí, mo máa ń jókòó wo bó ṣe lọ, màá sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ti ọdún yìí gùn díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn. Oṣù kìíní ọdún yìí kò tíì parí tí ilé-iṣẹ́ tí bàbá àwọn ọmọ mi ń bá ṣiṣẹ́ fi pè wọ́n jọ, tí wọ́n ní àwọn ohun tí àwọn ń rà láti òkè òkun ti wọ́n kọjá agbára àwọn, wọ́n sì pín lẹ́tà fún wọn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí dọ́là. Kí ìjọba tó yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà ní oṣù kẹfà 2023, nǹkan bí ₦460 ni wọ́n ń ṣẹ́ ẹ ní báńkì. Kí oṣù kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,400. Epo bẹntiróò tí à ń ra lítà rẹ̀ ní owó tí kò tó ₦200 kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 29 oṣù karùn-ún 2023, ó di ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó kọjá ₦600 ní oṣù keje ọdún náà, nígbà tó sì máa fi di oṣù kẹwàá ọdún yìí, ó ti lé ní ₦1,000.

Àwọn tó ń fi jẹnẹrétọ̀ kékeré ṣiṣẹ́ mọ ohun tí mò ń wí. Iná kò ràn wá lọ́wọ́, torí àdúgbò wa kò sí lára Báńdì A tí wọ́n ń fún ní iná ogún wákàtí lójúmọ́, àwọn tí wọ́n gbé owó tiwọn lọ sí ₦225 fún yúnìtì kan ní oṣù kẹrin. Mo gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ̀rọ̀, mo padà sórí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tí màmá mi rà fún mi nígbà tí mo gba fíríìdọ̀mù, mo wá áyọ́ọ̀nù eléèédú rà. Ẹsẹ̀ ń dùn mí lálẹ́, àmọ́ iṣẹ́ kò dúró.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ epo ló dẹ́rù bà mí jù. Àwọn èèyàn ni kò rán aṣọ mọ́. Àwọn bàbá wa sọ ọ́ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́; aṣọ náà kì í bá a wọ̀ ọ́. Àjọ tó ń ṣírò irú nǹkan báyìí fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé iye tí wọ́n ń ta oúnjẹ ní oṣù kọkànlá yìí fi nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ju ti oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá lọ. Ta ló máa wá gbé léèsì fún télọ̀? Àwọn tó máa ń pe aṣọ ẹbí ogún èèyàn ń sọ fún àlejò wọn pé kí kálukú wọ ohun tó bá ní.

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni àdúrà mi yí padà. Láti ọdún mélòó kan ni mo ti ń gba àdúrà ṣọ́ọ̀bù ńlá lójú títì, máṣíìnì oníná mẹ́fà, àti ilé tiwa. Mi ò tíì ju àwọn àdúrà yẹn nù. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì, nígbà tí ìrẹsì ilé tán, tí owó iléèwé sì dúró lọ́rùn, ohun kan ṣoṣo tí ẹnu mi lè gbé ni èyí tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi: fún wa ní oúnjẹ òòjọ́ wa lónìí. Tòní nìkan. Nígbà tí mánà ń bọ́ láti ọ̀run fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú aginjù, òṣùwọ̀n ómérì kan ni ti ẹni kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fi pa mọ́ di ọjọ́ kejì, ìdin ló bá níbẹ̀, àfi ti ọjọ́ kẹfà tí wọ́n ń kó ìlọ́po méjì nítorí ọjọ́ ìsinmi. Mo ti gbọ́ ìwàásù lórí mánà yẹn láìmọye ìgbà. Ọdún yìí ni mo tó mọ bó ṣe máa ń rí nínú ẹni tó ń lọ sùn láìmọ ohun tí yóò sè lọ́la.

Ìdáhùn náà gba ọ̀nà tí mi ò fọkàn sí. Ní oṣù kẹta, màmá kan tí mo ti ń rán aṣọ fún ọjọ́ pẹ́ wọlé pẹ̀lú báàgì ńlá kan. Inú mi dùn, mo rò pé aṣọ tuntun ni. Bùbá léèsì mẹ́ta tí èmi fúnra mi ti rán fún wọn ni wọ́n fà yọ. Wọ́n ní kí n bá àwọn fún wọn wọlé. Wọ́n wọ àkọ́kọ́, mo dúró sẹ́yìn wọn, mo ń fi píìnì mú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo mú un ní ìǹṣì kan, ó ṣì ń fẹ́. Mo mú un ní méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, ó ṣì dà bí aṣọ tí wọ́n fi kọ́ igi. Wọ́n rí ojú mi nínú dígí.

"Ìyàwó, má wulẹ̀ bi mí," ni wọ́n wí. "Àwọn ọmọ-ọmọ ló ń jẹun. Àwa àgbà ń fi omi tì í."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Olúwa á dá a padà."

Mi ò rí ọ̀rọ̀ míì sọ. Mo fi abẹ tú ojú rírán náà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí léèsì má baà fà ya, mo rán an padà lórí ìlà tuntun, mo sì fi aṣọ tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ nínú ibẹ̀, mi ò gé e. Mo fi í sílẹ̀ kó lè ṣeé tú jáde lọ́jọ́ tí ara bá padà bọ̀ sípò. Bí mo ṣe ṣe gbogbo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí nìyẹn, mi ò gé ọ̀kankan.

Màmá yẹn sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Kí oṣù kẹrin tó wọlé, ìtúnṣe aṣọ ti gba gbogbo ọwọ́ mi. Agbádá bàbá tí wọ́n ní kí n gé ṣe bùbá àti ṣòkòtò fún ọmọkùnrin méjì. Yúnífọ́ọ̀mù tí ó ti kúrú, tí wọn ò lágbára àtira tuntun, tí mo tú etí rẹ̀ sílẹ̀ kó lè bo orúnkún. Sípù tó bàjẹ́ lára báàgì. Àǹkárá méjì tó ti ṣá tí mo pa pọ̀ di ẹyọ kan. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń wọlé, ìgbà tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, màá ra kóńgò gàrí, ata, àti epo pupa tí ó tó se ọbẹ̀. Mo mọ̀ dájú pé ohun tó ń bọ́ ilé mi yìí, ìyà ẹlòmíì ló gbé e wá. Mi ò lè gbowó gọbọi lórí rẹ̀, mi ò sì gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Alhaja onílé wa. Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì àti ààwẹ̀ Rámádánì wọnú ara wọn lọ́dún yìí: tiwa bẹ̀rẹ̀ ní 14 oṣù kejì, tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní 11 oṣù kẹta. Inú oṣù kẹta yẹn gan-an ni owó ilé wa pé. Bàbá àwọn ọmọ lọ kúnlẹ̀ níwájú Alhaja láti bẹ̀ wọ́n. Alhaja ní kó dìde. Wọ́n ní, "Ṣé mo bi ọ́ ní owó ni? Wáṣẹ́ rẹ ná." Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ti ń gbé oúnjẹ ìṣínu, àwo tiwa wà lára rẹ̀: ẹ̀kọ àti àkàrà, nígbà míì mọ́ínmọ́ín. Wọ́n ń gbé e fún ilé onígbàgbọ́ títí wọ́n fi rí oṣù ọdún Ìtùnú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé opó ni Alhaja. Ọkọ wọn ti kú tipẹ́, owó ilé yìí ni wọ́n fi ń jẹun.

Ìgbà yẹn ni ìtàn Èlíjà ṣí lójú mi. Nígbà tí ìyàn mú, tí odò Kérítì tí ó ń mu omi rẹ̀ gbẹ, Ọlọ́run kò rán an sí olówó Ísírẹ́lì kankan. Ó rán an sí Sáréfátì ní ilẹ̀ Sídónì, lọ́dọ̀ àjèjì, lọ́dọ̀ opó tí ìyẹ̀fun rẹ̀ kò ju ìkúnwọ́ kan, tí ó ń ṣa igi láti se oúnjẹ àjẹkẹ́yìn fún ara rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Ọlọ́run kò kọ́ àká fún opó náà. Ìkòkò kan náà ló wà níbẹ̀, ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ni kò tán. Bí mo bá gbọ́ ẹni tó ń sọ pé àwọn tó ń sin Ọlọ́run ní ọ̀nà tó yàtọ̀ sí tiwa kò lè jẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run, mo ní ẹ̀rí tí mo lè fi dá a lóhùn, ojú pópó wa ni ẹ̀rí náà ń gbé.

Bàbá àwọn ọmọ kò fọwọ́ lẹ́rán. Láti oṣù karùn-ún ló ti ń gun kẹ̀kẹ́ Márúwá ará àdúgbò kan, Òjóò sí Mọ́níyà, yóò sì jíṣẹ́ owó fún ẹni tó ni ín ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá ni níbi iṣẹ́ tó ti kúrò. Mi ò gbọ́ kó ráhùn lẹ́ẹ̀kan. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa náà yá wa lówó iléèwé sáà kẹta, a ti ń dá a padà.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí mo bèèrè ni mo rí gbà, irọ́ kò sí nínú ìjẹ́rìí. A yọ ọmọ wa àgbà kúrò ní iléèwé aládàáni tó fẹ́ràn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru màmá mi wọ́n débi pé a ń rà á ní páálí kọ̀ọ̀kan, tí ọkàn ń fò wá bó bá ku díẹ̀ kó tán. Ọmọ iṣẹ́ mi kan tó mọṣẹ́ dáadáa dúró nílé nítorí owó ọkọ̀. Ibi tó máa ń jókòó sí ṣì ṣófo, ó sì ń dùn mí. Màmá mi, tó fi láfún àti ẹ̀fọ́ yánrin tọ́ wa nígbà Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ológun gbé dé ní 1986, ń sọ fún mi pé ti ìgbà yẹn le, ṣùgbọ́n eléyìí yára ju tìgbà yẹn lọ. Mo gbà wọ́n gbọ́.

Mo ti fẹ́rẹ̀ kọ ìwé yìí tán kí ọjọ́ 18 oṣù yìí tó dé. Ọjọ́ Wẹ́sìdeè yẹn ni wọ́n pe àwọn ọmọdé wá ṣeré ọdún ní Islamic High School ní Bàṣọ̀run, níbí n'Ìbàdàn. Èrò pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè kápá. Ọmọ 35 ló kú. Nígbà tó di Sátidé, 21, àwọn míì tún kú níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ní Òkìjà ní ìpínlẹ̀ Anambra àti ní Maitama, Abuja. Odindi ọjọ́ méjì ni mi ò lè tẹ máṣíìnì. Bàṣọ̀run kò jìnnà sí wa. Àwọn oníbàárà mi wà tí wọ́n mọ ilé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀.

Nítorí náà, bí mo ṣe ń dúpẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gbọ́ ọ bí ẹni pé mo ní ìgbàgbọ́ ju àwọn ìyá yẹn lọ. Àwọn náà gbàdúrà. Ìyá tó jí ní òwúrọ̀ kùtù, tó wọ aṣọ fún ọmọ rẹ̀, tó mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti máa fún un lóúnjẹ àti ẹ̀bùn, ìrètí ló mú un jáde. Ìwàásù kan tó ń lọ káàkiri lásìkò yìí ń sọ pé ẹni tí ebi ń pa kò tíì gbàgbọ́ tó. Mi ò gbà á, mi ò sì ní dákẹ́ bí mo bá gbọ́ ọ níwájú mi. Oúnjẹ wà nílẹ̀ yìí. Ọ̀nà tó ń gbà dé ẹnu àwọn èèyàn ló ti dí, ọwọ́ tó dí i kì í ṣe ti Ọlọ́run.

Mo gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run ju bí mo ṣe gbẹ́kẹ̀ lé E ní ọdún tó kọjá. Mo ti rí bí Ó ṣe ń ṣiṣẹ́, mo sì rí i pé ọwọ́ Ó ń wá. Ó lo ọwọ́ Alhaja. Ó lo ọwọ́ màmá tó ń ru tó fi mí han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí tèmi náà wà lára rẹ̀.

Àwa márùn-ún tí a ní ṣọ́ọ̀bù ní ìlà kan náà jọ sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá: èmi, onídìrí, ìyá eléwé, ìyá ẹlẹ́lùbọ́ àti bàbá tó ń lọta. Àpótí kan ti wà ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí. Ẹni tó bá ní kóńgò tàbí ife kan yóò bù ú síbẹ̀, gàrí, ẹ̀wà, ìrẹsì, èlùbọ́, ohunkóhun. Ẹni tí kò ní yóò bù níbẹ̀. A kò ní pe èrò jọ, a kò ní ya fọ́tò, a kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Bàbá alọta ti ní ẹnikẹ́ni tó bá bu ẹ̀wà níbẹ̀, òun máa bá a lọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá fẹ́ fi ṣe mọ́ínmọ́ín. A máa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kìíní 2025. Ẹ̀yin ará àdúgbò tó ń kà á, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lọ́wọ́ òsì ni àpótí náà wà. Ẹ má kanlẹ̀kùn, ẹ wọlé.