Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ páńkíríásì fún mi: oúnjẹ ni iṣẹ́ tó kù

Ẹni tó bá gbọ́ pé Whipple, iṣẹ́ abẹ ńlá tí wọ́n ń ṣe fún páńkíríásì, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, ni wọ́n fẹ́ ṣe fún yín á máa gbàdúrà kí ẹ jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Àdúrà tó dáa ni. Àmọ́ ìgbà tí mo padà sílé ní Ẹ̀pẹ́ ni mo tó mọ̀ pé oúnjẹ jíjẹ ni mo máa tún kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí àwọn ará ilé mi náà á sì kọ́ ọ.

Orúkọ Allen Whipple, dókítà ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé nípa iṣẹ́ abẹ náà ní 1935, ni wọ́n fi ń pè é. Wọ́n á gé orí páńkíríásì, ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, àpò òróòro àti díẹ̀ lára ọ̀nà tí òróòro ń gbà. Nígbà mìíràn wọ́n á gé lára àpòlúkù pẹ̀lú. Wọ́n á wá so àwọn tó kù mọ́ ìfun. Ojú mi pọ́n, ìtọ̀ mi ṣú, ara ń yún mi tòru-tòru kí wọ́n tó rí kókó kan nínú páńkíríásì mi. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni àwọn aládùúgbò pè é, àgbo sì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ mi obìnrin fàáké kọ́rí pé àfi ká lọ ya àwòrán inú. Ọlọ́run á bá mi tọ́ ọmọ náà.

Ti ilé-ìwòsàn kò gùn. Ẹ dìde rìn nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ rìn, bó ti wù kó dùn yín tó. Ẹ di ìrọ̀rí mọ́ ikùn tí ẹ bá fẹ́ wúkọ́. Ẹ má fọwọ́ kan rọ́bà tó ń fa omi inú jáde.

Ilé ni wàhálà wà. Lọ́dọ̀ wa, oúnjẹ la fi ń tọ́jú aláìsàn. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìkókorẹ́ wá, epo léfòó lórí rẹ̀, ó ní, “Àbúrò mi, jẹ ẹ́ tán, o ti rù jù.” Ó rí bẹ́ẹ̀, mo rù. Ṣùgbọ́n inú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò kì í tètè gbé oúnjẹ lọ. Tí mo bá kó oúnjẹ púpọ̀ sí i, èébì ló kàn. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù ú sínú àwo tíì. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ tún bù ú.” Báyìí la ṣe ń ṣe é títí di òní: díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́, kí n jẹ ẹ́ lẹ́nu dáadáa, kí n má mu omi kún inú kí oúnjẹ tó dé. Ẹja ọjà Olúwo tí wọ́n sè láìdín rọ̀ mí lọ́rùn ju ẹran lọ.

Ẹ wá gbọ́ ti oògùn. Omi tí páńkíríásì fi ń lọ ọ̀rá dín kù, torí náà kápúsù ni dókítà fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ gbé e mì pẹ̀lú òkèlè àkọ́kọ́, ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́nu, ẹ má fi ògì gbígbóná gbé e. Tí ẹ bá pẹ́ nídìí oúnjẹ, ẹ bi dókítà bóyá kí ẹ pín in. Ìbẹ́pẹ tàbí ọsàn nìkan kì í sábà bèèrè rẹ̀. Oòrùn a máa bà á jẹ́, kò yẹ kó wà nínú báàgì lórí ìsọ̀ ní ọ̀sán gangan.

Inú ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ oògùn inú kápúsù náà. Mùsùlùmí ni mí, mo bi àfáà wa. Ó ka Kùránì orí 2, ẹsẹ 173 fún mi, ó ní ẹni tí dandan bá mú kò dẹ́ṣẹ̀. Mo gbé e mì. Tí ọ̀rọ̀ yìí bá ń dà yín láàmú, ẹ tètè bèèrè, ẹ má kàn jù ú nù ní kọ̀rọ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé kò tó: ìgbẹ́ á funfun, á lọ́ràá, á léfòó, òórùn rẹ̀ á lé èèyàn jáde nílé. Wọ́n á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Kì í ṣe jẹ̀dí. Ọ̀rá tí ara kò rí lò ni, àwọn fítámì A, D, E àti K sì ń bá a lọ. Dókítà ni kí ẹ sọ fún, kó wo iye kápúsù yín. Kó yẹ ṣúgà ara yín wò pẹ̀lú, torí páńkíríásì tí wọ́n gé lè fa àtọ̀gbẹ.

Ibà, èébì tí kò dá, ojú tó tún pọ́n, tàbí ojú ọgbẹ́ tó ń ṣomi: ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Abọ́ ẹja tó wúwo kò gbọdọ̀ gun orí yín títí dókítà á fi yọ̀ǹda. Àárẹ̀ náà lè tó oṣù mélòó kan. Kì í ṣe ọ̀lẹ.

Tí Kayọ̀káyọ̀, ọdún wa ní Ẹ̀pẹ́, bá dé lẹ́yìn Iléyá, ilé tí mo bá wọ̀, wọ́n á fẹ́ kí n jẹun. Mo máa ń jókòó, mo máa ń mú ẹran kan, kápúsù mi wà lápò. Ìyókù, mo máa ń ní kí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù dì í fún mi, kò sì sẹ́ni tó bínú.