Ta Ni Yóò Gún Iyán? Àyẹ̀wò Ọdún 2025 Láti Ọwọ́ Olólùfẹ́ Mets Kan

Ìwé kékeré kan wà nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì tí mo máa ń wọ̀ lọ sí iṣẹ́ òru. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá ọdún 2024, nígbà tí ìròyìn dé pé Juan Soto, ògbóǹtarìgì eléré bésíbọ́ọ̀lù, ti gbà láti wá sí Mets, ẹgbẹ́ wa ní New York, fún ọdún 15, pẹ̀lú mílíọ̀nù 765 dọ́là, mo kọ gbólóhùn mẹ́ta sínú rẹ̀. Èkíní: a ó dé World Series, àṣekágbá bésíbọ́ọ̀lù, ní ọdún 2025. Èkejì: Yankees, ẹgbẹ́ New York kejì tí Soto ń fi sílẹ̀, yóò dojú bolẹ̀ láìsí i. Ẹ̀kẹta: ọ̀rọ̀ àwọn tí ń ju bọ́ọ̀lù kì í ṣe ìṣòro, a ó wá nǹkan ṣe sí i. Mo fa ìlà sábẹ́ ẹ̀kẹta yìí lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún ìwé náà ṣí ní àárọ̀ yìí kí ọdún 2025 tó parí, ojú ara mi sì tì mí.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ó jẹ́ pé Arsenal àti Chelsea ni ẹ fi ń mú ẹ̀jẹ̀ yín ru ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Queens ni mò ń gbé ní New York láti ọdún 2013, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo sì ń ṣe. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ òru ni wọ́n kọ́ mi ní bésíbọ́ọ̀lù ní ọdún 2015, nígbà tí Mets dé World Series tí Kansas City Royals sì lù wọ́n. Ìpín mẹ́sàn-án ni eré kan ní, ẹnì kan sì wà tí ó máa ń dúró sórí òkìtì kékeré láàárín pápá tí ó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tí yóò fi igi gbá a. Ẹni tí ó bá gbá a yóò sáré láti ibùdó kan dé èkejì, bí ó bá sì yí gbogbo wọn ká, ayò kan nìyẹn. Ọjà eléré tí ẹ mọ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Yúróòpù, ìgbà òtútù ni tiwa, nígbà tí pápá ṣófo, tí àwa olólùfẹ́ kò sì ní iṣẹ́ mìíràn ju àríyànjiyàn lọ. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ eléré tí àdéhùn rẹ̀ ti parí kò ní san kọ́bọ̀ fún ẹgbẹ́ tí ó ń fi sílẹ̀. Eléré náà fúnra rẹ̀ ni wọn yóò gbé owó síwájú, iye tí wọ́n bá sì kọ sínú ìwé ni wọn yóò san, ì báà ṣeré, ì báà dùbúlẹ̀ àìsàn.

Ibi tí àríyànjiyàn tèmi ti máa ń gbóná ni ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ọmọ Yorùbá kan ní Brooklyn. Ẹ̀gbọ́n kan wà níbẹ̀ tí ó ti ń tẹ̀lé Yankees láti ìgbà tí èmi ṣì ń lọ sí ilé ìwé ní Ìbàdàn. Yankees ni Soto bá ṣeré ní ọdún 2024, tí wọ́n jọ dé World Series, tí Dodgers ti Los Angeles sì gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìròyìn sì sọ pé mílíọ̀nù 760 dọ́là fún ọdún 16 ni Yankees gbé kalẹ̀ kí ó má baà lọ. Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, mo wọ ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú fìlà Mets lórí, mo dọ̀bálẹ̀ fún un, mo sì ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àfẹ́kù o.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára dígí tí ó ń wò.

“Àbúrò, ẹran tí ẹ rà tóbi, mo gbà.”

“Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á,” mo dá a lóhùn.

“Owó ló pa ọbẹ̀ lóòótọ́. Ta ni yóò gún iyán tí ẹ ó fi jẹ ẹ́?”

Ọ̀rọ̀ náà kò tà mí lára nígbà náà. A ta tẹ́tẹ́ pé ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá borí ní eré tí ó kéré jù ní sáà tí ń bọ̀ ni yóò ra àsun fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Mo ti ń rò ó pé n óò ní kí ó ra ti ewúrẹ́ tí ata rẹ̀ pọ̀.

Kí n má parọ́, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú sáà náà dùn ju bí mo ti rò lọ. Ní oṣù Kárùn-ún, nígbà tí Soto padà sí pápá Yankees ní Bronx fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn èrò tí wọ́n jókòó lẹ́yìn rẹ̀ kẹ̀yìn sí i, wọ́n ń hó lé e lórí. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n fi ọ̀rọ̀ na ara wa ní pàṣán lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ náà, a kò sì bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi ni mo jẹ̀bi, torí pé mo pe àwọn èrò wọn ní ohun tí kò yẹ kí àbúrò pè níwájú ẹ̀gbọ́n. Èyí náà wà nínú àyẹ̀wò ọdún.

Nígbà tí ó di ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, a ti borí ní eré 45, a sì ti pàdánù 24 péré. Kò sí ẹgbẹ́ kankan nínú líìgì tí ó dára tó wa. Ọjọ́ náà gan-an ni ilẹ̀ yí. Kodai Senga, ará Japan, ni ó ń ju bọ́ọ̀lù fún wa, àwọn tí ń gbá a kò sì rí i ṣe rárá ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà náà. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan sí apá ọ̀tún, Pete Alonso tí ń ṣọ́ ibùdó kìíní mú un, Senga sì sáré lọ síbẹ̀ láti gbà á. Alonso jù ú sókè jù. Senga fò, ó nawọ́ gan-an, ó mú un, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kan ibùdó náà. Lẹ́yìn náà ni mo rí i lórí fóònù mi tí ó di ẹ̀yìn itan rẹ̀ mú, tí ó sì ṣubú lulẹ̀. Wọ́n mú ẹni tí ń sáré náà jáde, àmọ́ àwa ni a sanwó rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà títí dé òpin, 38 ni a borí, 55 ni a pàdánù. Senga padà wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí a mọ̀ mọ́, títí ó fi gbà kí wọ́n dá òun padà sí ẹgbẹ́ kékeré wa ní Syracuse. Ẹ jẹ́ kí n ka owó tí a ná lórí ajubọ́ọ̀lù ní ìgbà òtútù tí mo sọ pé kò sí ìṣòro yẹn: Sean Manaea, mílíọ̀nù 75 dọ́là fún ọdún mẹ́ta, Clay Holmes, mílíọ̀nù 38 fún ọdún mẹ́ta, Frankie Montas, mílíọ̀nù 34 fún ọdún méjì. Manaea àti Montas farapa kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Holmes ní tirẹ̀, ìparí eré ni ó ti ń jù fún Yankees tẹ́lẹ̀, a wá sọ ọ́ di ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ eré. Ó sì gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá gbé ẹrù tí kò rù rí lé lórí, a kò lè retí kí ó bá wa sáré. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, yàtọ̀ sí David Peterson, kò sí ajubọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀ wa kan tí ó lè parí ìpín kẹfà. Àwọn tí ó yẹ kí wọ́n wọlé nígbà tí eré bá kù díẹ̀ wá ń wọlé nígbà tí eré kò tíì dé ìdajì, ó rẹ̀ wọ́n, a pe òmíràn, ó rẹ òun náà. Àwọn tí wọ́n ju bọ́ọ̀lù fún Mets ní ọdún yìí ju ogójì lọ. Èmi tí mò ń wo gbogbo eré, mo máa ń rí orúkọ tuntun lẹ́yìn ẹ̀wù kan tí n óò sì bi ìyàwó mi pé ìgbà wo ni eléyìí dé.

Soto kò sì ṣẹ̀ mí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélógójì ni ó gbá bọ́ọ̀lù jáde kúrò ní pápá, èyí tí wọ́n ń pè ní home run, ó sì jí ibùdó 38, ìyẹn ni pé ó sáré lọ sí ibùdó tí ó kàn láìdúró kí ẹnikẹ́ni gbá bọ́ọ̀lù, ẹni tí kò jí ju 12 lọ rí ní sáà kan. Francisco Lindor náà gbá 31, Alonso gbá 38, ó sì kọjá Darryl Strawberry ní oṣù Kẹjọ láti di ẹni tí ó gbá home run jù lọ nínú ìtàn Mets. Ẹran pọ̀ nínú ọbẹ̀ náà. Iyán ni kò sí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, ni ọjọ́ ìkẹyìn. A wà ní gbọ̀ngàn kan níbi ìkómọjáde, mo fi fóònù pamọ́ sábẹ́ aṣọ tábìlì, mo sì pa ohùn rẹ̀. Àwa àti Cincinnati Reds ni a jọ ń du àyè kan ṣoṣo tí ó kù nínú ìdíje ìparí sáà tí ó ń lọ sí World Series, àwọn ni wọn yóò sì mú un bí a bá dọ́gba. Marlins, tí a ń bá ṣeré ní Miami, ti fi ayò mẹ́rin ṣáájú wa. Ní ìpín karùn-ún, èèyàn wa wà lórí ibùdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Alonso sì dúró pẹ̀lú igi. Ó gbá a. Ó le débi pé mo dìde lórí ìjókòó, ìyá ọmọ tuntun náà sì rò pé ijó ni mo fẹ́ wá jó. Bọ́ọ̀lù náà lọ tààrà sínú ọwọ́ ẹni tí ń ṣọ́ apá òsì. Eré parí ní 4 sí 0. Reds náà pàdánù eré tiwọn ní ọjọ́ kan náà. Ká ní a borí ni, àwa ni à bá wọlé. Eré 83 ni a borí ní gbogbo sáà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí owó oṣù àwọn eléré rẹ̀ ju mílíọ̀nù 300 dọ́là lọ.

Ní ti gbólóhùn kejì inú ìwé mi, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Yankees borí ní eré 94. Owó tí Soto kọ̀, wọ́n mú lára rẹ̀ fún ajubọ́ọ̀lù kan, Max Fried, mílíọ̀nù 218 dọ́là fún ọdún mẹ́jọ, ó sì borí ní eré 19 fún wọn. Toronto ló lé wọn jáde nínú ìdíje ìparí sáà nígbà tó yá, èyí sì tù mí nínú díẹ̀. Mo ra àsun náà. Ẹ̀gbọ́n kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, ó kàn béèrè lọ́wọ́ onígbàjámọ̀ bóyá iyán wà nítòsí.

Ohun tí ó wá pa mí lẹ́nu mọ́ pátápátá ni World Series. Yoshinobu Yamamoto ju bọ́ọ̀lù 96 fún Dodgers ní eré kẹfà ní Toronto, ó sì tún padà wá ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ó yẹ kí ó máa sinmi, nínú eré keje tí ìpín mẹ́sàn-án kò yanjú, láti parí rẹ̀ ní ìpín kọkànlá, 5 sí 4. Ọkùnrin yìí kan náà ni ìròyìn sọ pé Mets fi mílíọ̀nù 325 dọ́là lọ̀ ní òpin ọdún 2023, iye tí ó dọ́gba pẹ̀lú ti Dodgers, tí ó sì yan Los Angeles. N kò sùn dáadáa ní òru náà.

Ìgbà òtútù tún ti dé, àríyànjiyàn sì ti yí padà. David Stearns tí ń darí ọ̀rọ̀ eléré fún Mets ti tú ilé náà ká. Láàárín nǹkan bí oṣù kan, wọ́n fi Brandon Nimmo tiwa pààrọ̀ Marcus Semien pẹ̀lú Texas Rangers. Edwin Díaz, tí wọ́n máa ń fọn fèrè fún bí ó bá ń wọlé láti parí eré, lọ sí Dodgers fún mílíọ̀nù 69 dọ́là. Alonso lọ sí Baltimore fún ọdún márùn-ún, pẹ̀lú mílíọ̀nù 155 dọ́là. Jeff McNeil tiwa náà lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Athletics. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, jókòó sórí àga pẹ̀lú ẹ̀wù Alonso olónọ́ńbà 20 lọ́rùn, ó ní, “Dádì, ṣé wọ́n máa wá gba ẹ̀wù yìí ni?”

Mo gbà pẹ̀lú Stearns ní ibì kan. Semien jẹ́ ọ̀gá nínú dídáàbò bo pápá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pé ọdún 35, tí igi rẹ̀ sì ti ń rọ̀. Alonso ti pé 31, ọdún márùn-ún sì pọ̀ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dára tó ní ibùdó kìíní. Mo rántí ẹsẹ̀ Senga. Ṣùgbọ́n Jorge Polanco tí wọ́n fi mílíọ̀nù 40 dọ́là mú wá láti dúró níbẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ní ibùdó náà rí. Díaz ni mi ò lè dárí jì wọ́n lé lórí. Wọ́n fi Devin Williams rọ́pò rẹ̀, ẹni tí Alonso gbá home run lé lórí ní Milwaukee ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, tí gbogbo Queens fi ń jó ní òru. Òun ni ó wá di tiwa báyìí, Alonso kò sì sí níbẹ̀ mọ́.

Mo sọ gbogbo èyí fún Ẹ̀gbọ́n ní Sátidé tí ó kọjá. Ó gbọ́ mi parí, ó wá ní, “Ní sáà tí ó kọjá, ẹran wà, iyán kò sí. Àbúrò, wọ́n ti wá kó ẹran náà lọ. Iyán ńkọ́?” Títí di ìparí ọdún 2025 yìí, wọn kò tíì ra ajubọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo.

Ó ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, ó ń béèrè bóyá tẹ́tẹ́ ọdún 2026 dúró. Mo ṣí ojú ìwé tuntun. N kò kọ World Series síbẹ̀. Mo kọ Nolan McLean, ọmọ tuntun tí ó dé ní oṣù Kẹjọ tí ó sì borí ní eré márùn-ún nínú mẹ́jọ tí ó bẹ̀rẹ̀. Mo kọ Peterson sábẹ́ rẹ̀, mo kọ Holmes, mo kọ Senga àti Manaea pẹ̀lú àmì ìbéèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn méjèèjì. Lókè gbogbo wọn, mo fi ìlà kan sílẹ̀ láìkọ nǹkan sí i.