Abẹ́ igi máńgòrò ni Àyìndé ń fẹ́ lọ

Odindi táàmù kan ni mo fi ń san owó iṣẹ́ fún ọmọ tó ń dà mí láàmú, tí mi ò sì mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká pè é ní Àyìndé. Oríkì ni mo fi bo orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde ò ju márùn-ún sí mẹ́fà lọ. Kíláàsì àwọn ọmọ tó nílò àmójútó pàtàkì ni wọ́n fi í sí, nílé-ìwé kan níbí ní Òṣogbo. Kò sí ọjọ́ tí Àyìndé kì í dojú tábìlì dé. Ìwé á fọ́n ká, pẹ́ńsù á yí wọ abẹ́ àga, àwọn ọmọ yòókù á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Èmi náà á na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà: "Ó yá, bọ́ síta!"

Ìta tí mò ń wí yìí, abẹ́ igi máńgòrò ni. Atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀. Ìyá olóúnjẹ tó ń ta ìrẹsì fún wa wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ti rí i báyìí, "Wọ́n tún ti lé ọkọ mi jáde?", wọ́n á fi dòdò méjì lé e lọ́wọ́. Èmi rò pé ìyà ni mo fi ń jẹ ẹ́.

Kì í ṣe pé mi ò kàwé o. Mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ àkànṣe tó wà ní Ọ̀yọ́, èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1977. Wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ pé ìwà ọmọ ní ohun tó ń ṣáájú rẹ̀ àti ohun tó ń tẹ̀ lé e. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, mo gba máàkì, mo gbé e síbẹ̀. Ohun tí mo mú wọ kíláàsì ni èyí tí wọ́n fi tọ́ èmi náà: ojú líle àti pàṣán. Àwọn àgbà ní ká fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì nìkan ni tèmi mọ iṣẹ́.

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ yìí ló yọ mí. Wọ́n wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi, wọ́n fi rúlà pín ojú ìwé sí mẹ́ta: kí ló ṣáájú, kí lọmọ ṣe, kí ló tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kí èmi náà máa kọ tèmi. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ ni "oríkunkun". Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "O rí oríkunkun? Aṣọ wo ló wọ̀?" Àṣé wọ́n fẹ́ kí n kọ ọ́ pé ó fi ọwọ́ méjèèjì ti tábìlì, tábìlì ṣubú, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òfin wọn ò ju ẹyọ kan lọ: ohun tí fóònù ò bá lè ká sílẹ̀, má kọ ọ́. "Ó ń bínú", "kò fẹ́ràn mi", "wọn ò tọ́ ọ dáadáa nílé", gbogbo ìyẹn di ọ̀rọ̀ àsọjẹun àwa tíṣà nígbà bíréèkì.

Ọjọ́ márùn-ún la fi kọ ọ́. Ìgbà 14 ni tábìlì ṣubú. Nínú 14 yẹn, 11 ló jẹ́ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé "ẹ mú pẹ́ńsù" ni. Nígbà tí a bá ń kọrin tàbí lu ìlù, kò ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà 13 ni mo lé e síta. Mo wo ìlà kẹta yẹn, ojú tì mí. Ọmọ yẹn mọ kíláàsì mi jù mí lọ: ìwé kíkọ ń ni ìka rẹ̀ lára, ó ti tábìlì, ìwé kíkọ parí, dòdò dé.

Àwọn onímọ̀ ní ohun tí ọmọ ń fi irú ìwà bẹ́ẹ̀ wá kì í sábà kọjá mẹ́rin: kí wọ́n kọbi ara sí òun, kí ọwọ́ òun tẹ nǹkan kan, kí òun sá fún nǹkan kan, tàbí ìtura tí ìwà náà fúnra rẹ̀ ń fún ara. Ó yẹ kí tíṣà mọ èyí tó jẹ́, torí ohun tó ń wo ọ̀kan sàn ló ń dá kún èkejì. Ọmọ tó ń wá ojú rẹ, bó o bá gbójú kúrò, ó lè jáwọ́. Èyí tó ń sá fún iṣẹ́, bó o bá gbójú kúrò, o ti bá a sá nìyẹn.

Àmọ́ kó o tó wọnú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, bi ara ọmọ léèrè ná. Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbá ògiri. A ti kọ tó ojú ewé mẹ́fà nípa rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú eyín. Eyín tó ti jẹrà ni. Wọ́n yọ ọ́, ó tán.

Ìyá Àyìndé, tó ń ta àdìrẹ, ti gbé e dé ọ̀dọ̀ àáfà, ó ti gbé e gorí òkè àdúrà, wọ́n ní ẹgbẹ́ ọ̀run ló ń bá a jà. Mi ò bá a jiyàn. Mo kàn ṣí ìwé fún un: "Ìyá Àyìndé, ẹ wò ó, ẹgbẹ́ yìí kì í wá nígbà orin." Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá sunkún.

Lọ́dún 1985, àwọn onímọ̀ méjì tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, Edward Carr àti Mark Durand, gbé ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé bí a bá kọ́ ọmọ ní ọ̀nà mìíràn tó lè gbà béèrè ohun tí ìwà rẹ̀ ń bá a béèrè, ìwà náà á dínkù. Tèmi ò ná mi lówó. Mo gé páálí bísíkíìtì, mo ya igi máńgòrò sí i, mo fi sẹ́lótéèpù wé e nítorí itọ́. Bí Àyìndé bá ti na páálí yìí sí mi, ó di abẹ́ igi fún ìṣẹ́jú méjì, kò sí àròyé. Mo dín ìlà mẹ́wàá tó ń kọ kù sí méjì, mo fún un ní ṣọ́ọ̀kì dípò pẹ́ńsù. Ẹni tó bá fún ọmọ ní páálí láìdín ẹrù rẹ̀ kù, ó tan ọmọ náà jẹ ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ tíṣà ti ń sá padà nìyí: ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Títi tábìlì ò gbé e dé ìta mọ́, ló bá fi títa èèyàn nípàá kún un, ó tutọ́ sí mi láṣọ. Ẹni tó o ti ń sanwó fún látọjọ́ yìí, tó o wá ṣàdédé ní o ò san mọ́, ṣe ló máa kọ́kọ́ pariwo. Ọ̀gá ilé-ìwé ní mò ń kẹ́ ọmọ bàjẹ́. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ìyá olóúnjẹ ló wá ṣòro jù. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fún un ní dòdò mọ́ tó bá da nǹkan rú. Ó dùn wọ́n. "Àǹtí, dòdò ni mo fún ọmọ o, mi ò fún un ní májèlé." A wá fẹnu kò: tó bá mú páálí wá, kó jẹ dòdò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìgbà mẹ́ta péré ni tábìlì ṣubú. Páálí wá di wàhálà tuntun, ó ń nà án sí mi bí ogún ìgbà lóòjọ́, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń fún un ní mẹ́rin láàárọ̀ kó máa ṣọ́ wọn ná.

Àwọn tíṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni mò ń kọ́ báyìí. Òfin tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019 ti fún ọmọ tó ní ìpèníjà ara lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́. Ó ti mú un dé géètì. Tíṣà tó máa bá nínú kíláàsì ló kù. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan nínú gbọ̀ngàn, tí wọ́n ti ń pín mít-páì, mi ò tíì rí i kó yí kíláàsì kankan padà. Kíláàsì gan-an ni mò ń mú wọn lọ. Méjì á jókòó, wọ́n á wo ọmọ kan ṣoṣo fún ogún ìṣẹ́jú, oníkálukú á ka ìgbà tó jà, kò sí yíyọjú wo ìwé ẹnìkejì. Lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan kọ 9, èkejì kọ 4. Ẹ pín 4 sí 9, kò tó ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún. 80 sókè ni à ń wá kí a tó gbà pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì rí. Àṣé ọ̀kan ka nína ìka mọ́ ìjà. A tún ìtumọ̀ "ìjà" ṣe, wọ́n padà wọlé, ó di 8 àti 9.

Lẹ́yìn ìyẹn, èmi ni mo máa ń ṣe ọmọ kí wọ́n lè fi mí dánra wò. Mo ti sùn gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀ rí, tí tíṣà kan gbàgbé ohun tó yẹ kó ṣe, tó ń bẹ̀ mí pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde, aṣọ yín ń dọ̀tí." A tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Páálí àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà nínú báàgì mi, mo máa ń fi hàn wọ́n. Sẹ́lótéèpù ti pọ́n, igi ti ń pa rẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Àǹtí, ṣé ìgbálẹ̀ lẹ yà síbí ni?"